Ọ̀rọ̀ Tó Ṣe é Pè Láti Orí Àkàbà

Ìgbà tí àtúnṣe kíṣìnì bá kù díẹ̀ kó parí ni àríyànjiyàn máa ń pọ̀ jù. Ògiri ti dúró, páìpù ti wọlẹ̀, wáyà ti wà níkùn ògiri. Èyí tí ojú ń rí ló ṣẹ́ kù: táìlì, kọ́bọ́ọ̀dù, síńkì, ọ̀dà. Fíníṣìn ni àwọn oníṣẹ́ ń pe gbogbo rẹ̀ ní Ìbàràpá, láti Èrúwà àti Lánlátẹ̀ dé Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngàn. Onílé a béèrè pé ìgbà wo lòun lè dáná níbẹ̀. Bíríkìlà a ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Ìbejì, fíníṣìn ló kù." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ti gbé iṣẹ́ oríṣiríṣi mì, onílé kò sì rí ọ̀kan tọ́ka sí nínú wọn pé eléyìí gan-an ni kò tíì parí.

Kì í ṣe pé àwọn ọ̀mọ̀wé wa fọwọ́ lẹ́rán lórí ọ̀rọ̀ ìperí. Ọdún 1970 ni ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá wà nídìí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìdìpọ̀ kìn-ín-ní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé sì ni olóòtú rẹ̀. Ìkejì tẹ̀ lé e ní 1990 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni wọ́n dojú kọ. Olùkọ́ rí ọ̀rọ̀ gbà, bíríkìlà kò rí. Ọmọ tó lè fi Yorùbá ṣàlàyé ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe kò ní orúkọ tí yóò pe ohun tí wọ́n fi dí àárín táìlì méjì.

Ẹnu oníṣẹ́ kò kúkú ṣófo. Ẹ dúró nídìí iṣẹ́ kan ní Èrúwà kí ẹ tẹ́tí: wọ́n ń tẹ́ táìlì, wọ́n ń rẹ́ ògiri, wọ́n ń kun ọ̀dà, wọ́n ń dí ihò, wọ́n ń gbé ìlẹ̀kùn kọ́, wọ́n ń wò ó bóyá ó gún tàbí ó wọ́. Orúkọ nǹkan ni wọ́n yá. Ọ̀rọ̀-ìṣe, ti bàbá wọn ni. "Tẹ́" yìí kò sì dúró de táìlì kó tó wúlò fún ilẹ̀ ilé. Ìtàn Ilé-Ifẹ̀ sọ pé láyé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba, ni wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà àti àgbàlá. Àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti hú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ síta, tí àpáàdì tò sí ìdúró, ọ̀kan ti èkejì. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún kíṣìnì, ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ìlànà mi kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀rọ̀ tí oníṣẹ́ kò lè pè látorí àkàbà kí ọmọ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì gbé ohun tó ń béèrè wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àlàyé ni. Àlàyé dára nínú ìwé. Lórí àkàbà, ó ń dá iṣẹ́ dúró.

Ẹ jẹ́ ká fi ògiri tó wà lẹ́yìn iná àti síńkì bẹ̀rẹ̀, ibi tí wọ́n máa ń fi táìlì bò kí epo àti omi má baà bà á jẹ́. "Táìlì ara ògiri" ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n táìlì ara ògiri ilé ìwẹ̀ náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wo agboòrùn, ohun tó ń gba oòrùn, lè ní ká kúkú pe eléyìí ní "agbepo", torí òun ló ń gba epo tó ń ta. Ó kúrú, ó dùn ún pè. Àmọ́ bí ohùn bá gòkè díẹ̀ ní àárín rẹ̀, ó di "agbépo", a sì mọ ẹni tó gbé epo lájà nínú òwe. Kò sí onílé tó máa fẹ́ kí wọ́n pariwo olè nínú kíṣìnì rẹ̀. Èdè wa ní ọ̀nà mìíràn: ìborí ń bo orí, ìbojú ń bo ojú, ìbora ń bo ara. Kí èyí tó ń bo ògiri máa jẹ́ ìbògiri. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ti mọ ibi tí yóò kọjú sí.

Ohun tó wà láàárín táìlì wá ńkọ́? Símẹ́ńtì funfun lorúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ oní-táìlì. Lẹ́yìn tí táìlì bá ti sùn mọ́jú, tó ti gbá ògiri mú, wọ́n á po símẹ́ńtì funfun, wọ́n á fi dí ojú ìpàdé, wọ́n á sì fi kànrìnkàn tútù nù ún kó tó gan. Nígbà tó jẹ́ funfun nìkan ló wà lọ́jà, orúkọ yìí pé. Nísinsìnyí, eérú wà, dúdú wà, aláwọ̀ ilẹ̀ wà, ẹnu sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀: ẹnì kan á ní kí ọmọ lọ ra "símẹ́ńtì funfun, èyí tó dúdú". Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé kí a má fi àwọ̀ tàbí ìrísí sọ ohun èlò lórúkọ bí iṣẹ́ tó ń ṣe bá wà níwájú wa. Iṣẹ́ èyí ni láti dí ojú ìpàdé pa, kí omi má ráyè wọ ẹ̀yìn táìlì. Àdípa ni mo pè é: àdípa funfun, àdípa dúdú, àdípa eléérú. Bó ti wù kí ilé iṣẹ́ pa á láró tó, orúkọ náà kò ní yẹ̀.

Báyìí náà ni àfàyọ ṣe bá àpótí inú kọ́bọ́ọ̀dù mu, èyí tí a ń fà yọ láti mú ṣíbí tàbí ọ̀bẹ. Òótọ́ ni pé àwọn òǹkọ̀wé ń pe gbólóhùn tí wọ́n fà yọ láti inú ìwé ní àfàyọ, ṣùgbọ́n káfíńtà àti olóòtú kì í pàdé lórí iṣẹ́ kan náà, àyíká ọ̀rọ̀ yóò sì là wọ́n. Ẹ̀rọ tó ń fa èéfín sókè lórí sítóòfù yẹ kó jẹ́ afèéfín. Níbí yìí, ọgbọ́n àtijọ́ takò wá díẹ̀. Nínú ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, èéfín kì í ṣe ọ̀tá: òun ló ń gòkè lọ sí àjà tó ń gbẹ irúgbìn àgbàdo tí wọ́n so rọ̀ síbẹ̀, tí kòkòrò kò fi lè jẹ ẹ́. Afèéfín jẹ́ orúkọ fún ilé tí èéfín kò níṣẹ́ kankan ṣe mọ́.

Ní ti ohun kékeré abihò tó wà lẹ́nu ihò síńkì, tó ń gba ìpàǹtí kó má dí páìpù, asẹ́ ni, bí asẹ́ ògì ti jẹ́ asẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe iṣẹ́ tó ju èyí lọ ní Ìbàràpá. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, nígbà tí sobìà ń dá àgbẹ̀ àti ọmọ ilé-ìwé dùbúlẹ̀ ní Ìdèrè, ara ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi bá a jà ni aṣọ tí wọ́n ń fi sẹ́ omi mímu. Kò sẹ́ni tó nílò ìwé ìperí kó tó lè sọ fún obìnrin Ìdèrè pé kó sẹ́ omi. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ náà lára ògì. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé sobìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ tó bá iṣẹ́ tí ọwọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ rìn kì í pẹ́ wọlé.

Ìlànà kì í sì í ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Yorùbá ń fi àpètúnpè sọ oníṣẹ́ lórúkọ: mọlémọlé ni ẹni tó ń mọ ilé, kunlékunlé ni ẹni tó ń kun ilé, gbẹ́nàgbẹ́nà ni ẹni tó ń gbẹ́ ọnà. Ẹni tó ń tẹ́ ilẹ̀ wá ńkọ́? Bí a bá tẹ̀ lé ìlànà yìí, a ó dé orí "tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀", ìyẹn sì ti níṣẹ́ mìíràn nínú èdè, nǹkan àtẹ̀yìnwá ló ń tọ́ka sí. Onílé tó ń retí oníṣẹ́ tó fi ọjọ́ dáni lẹ́ẹ̀mẹta yóò rí i pé orúkọ náà bá ọkùnrin yìí mu ju bó ṣe yẹ lọ. Kí oní-táìlì máa jẹ́ oní-táìlì. Ó yé gbogbo ènìyàn, àfòmọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ti Yorùbá.

Àwọn kan wà tí a kò ní ṣẹ̀dá rárá, a ó kàn lọ pè wọ́n padà wálé ni. Pẹpẹ ni ọ̀kan. Kí àwọn atúmọ̀ Bíbélì tó fi pẹpẹ pe ibi ìrúbọ, nínú Bíbélì odindi tó jáde ní 1884, ibi gíga tí a ń gbé nǹkan lé ni pẹpẹ nínú ilé. Ojú òkúta gíránáìtì tí a ń gé ẹ̀fọ́ lé lórí, pẹpẹ ni, ṣọ́ọ̀ṣì kò sì ní bínú. Ọ̀dà náà wà níbẹ̀, tí pẹ́ńtì fẹ́ tì kúrò. Bí a bá dá a padà, ìdílé rẹ̀ á tẹ̀ lé e: ọ̀dà ìtẹ́lẹ̀ ni èyí tí a kọ́kọ́ kùn kí ògiri má baà mu ọ̀dà gidi tán, ọ̀dà àṣekágbá ni èyí tí ojú yóò máa rí. Ohun tí wọ́n ń pè ní skrídì, tí wọ́n fi ń mú ojú ògiri dán kí ọ̀dà tó kàn án, ìrẹ́jú ló yẹ kó jẹ́, láti inú "rẹ́" tí mọlémọlé ti ń lò láti ayébáyé. Kí kunlékunlé ṣáà ṣọ́ra, nítorí ìrẹ́jú kò jìnnà sí ìrẹ́jẹ bí omi bá pọ̀ ju ọ̀dà lọ nínú garawa.

Àwọn kan sì wà tó yẹ ká fi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà: símẹ́ńtì, táìlì, síńkì, páìpù, sítóòfù, gáàsì. Wọ́n ti wọ ohùn Yorùbá, ìyá arúgbó ní Tápà ń pè wọ́n láìkólòlò. Kíṣìnì pàápàá wà lára wọn, mo sì mọ̀ pé ẹnu yóò yà àwọn tó gbà pé "ilé ìdáná" ti tó. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàràpá, méjèèjì ló wà, ohun kan náà kọ́ ni wọ́n jẹ́. Kíṣìnì ni yàrá inú ilé, alátáìlì, olómi ẹ̀rọ, tí pẹpẹ rẹ̀ ga tó nǹkan bí 90 sẹ̀ǹtímítà, tí a ń dúró ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ilé ìdáná wà lẹ́yìnkùlé, pẹ̀lú ààrò, igi ìdáná àti àpótí ìjókòó. Nígbà tí ó bá di pé kí wọ́n ro àmàlà láfún fún èrò púpọ̀, tí ọbẹ̀ ìlasa ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń lọ, torí ẹni tó bá fẹ́ ro ìkòkò ńlá ní láti jókòó sísàlẹ̀ kí agbára apá lè wọ inú omorógùn. Ọ̀rọ̀ àyálò yìí kò lé ọ̀rọ̀ wa kúrò nílé. Ìyàtọ̀ ló wá là, ẹni tó bá pa kíṣìnì rẹ́ yóò pa ìyàtọ̀ náà rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Èyí tó ṣe kókó jù lọ kò ní í ṣe pẹ̀lú ohun èlò. Owó ló kàn. Nígbà tí fíníṣìn bá ń parí, oníṣẹ́ a ní "ó ku díẹ̀", onílé a sì sanwó tó kù, torí kò sẹ́ni tó lè ka díẹ̀. Ó yẹ kí gbólóhùn yìí di orúkọ tí a lè kà: ìṣẹ́kù. Ìṣẹ́kù kìn-ín-ní, ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí kò pa dé. Ìkejì, táìlì tí a kàn lójú tó ń dún bí ohun tó ṣófo. Ìkẹta, ẹ̀rọ omi tó ń kán lábẹ́ síńkì. Ìkẹrin, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó sún mọ́ omi jù. Bí ìwé ìṣẹ́kù bá ti wà lọ́wọ́ onílé àti bíríkìlà, tí wọ́n sì jọ fi ìkẹyìn owó sílẹ̀ títí tí wọ́n yóò fi fagi lé gbogbo rẹ̀, ìjà yóò dín kù. Ọ̀rọ̀ yìí yóò gba oníṣẹ́ pàápàá sílẹ̀ lọ́wọ́ onílé tó ń rí ohun tuntun lójoojúmọ́: èyí tí kò bá sí nínú ìwé ìṣẹ́kù, iṣẹ́ mìíràn ni, owó mìíràn ló sì bá a dé.

Ta ni yóò wá kọ gbogbo èyí sílẹ̀? Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ wà ní Lánlátẹ̀, pólì wà ní Èrúwà tí kò jìnnà sí i, àwọn ọ̀gá bíríkìlà, káfíńtà àti kunlékunlé sì wà láàárín ìlú méjèèjì. Kí olùkọ́ Yorùbá má pè wọ́n sí gbọ̀ngàn. Kí ó lọ bá wọn nídìí iṣẹ́, kí ó kọ ohun tí wọ́n ń sọ, kí ó sì gbé àbá tirẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó dúró de iṣẹ́ mìíràn, nílé onílé mìíràn. Bí ọ̀gá oní-táìlì bá ké látòkè níbẹ̀ pé, "Lámídì, gbé àdípa dúdú wá, ká parí ìbògiri yìí," tí ọmọ náà gbé e wá láìbéèrè, kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé. Bó bá jẹ́ símẹ́ńtì funfun tó dúdú ni wọ́n tún ń pè, kí olùkọ́ fa igi lé tirẹ̀ lórí, kí ó wá òmíràn.