Bí Ìtọ́jú Abẹ fún Ẹni tó Fara Pa Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Dókítà oníṣẹ́ abẹ tó ń tọ́jú àwọn tí ìjàǹbá ṣe kì í dá ọjọ́ fún aláìsàn. Ẹni tí mọ́tò gbá, ẹni tí ìbọn bà, ẹni tó já bọ́ láti orí òkè ilé, òjijì ni wọ́n ń dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lè sọ ibi tó ń dùn wọ́n. Ojú ogun ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ̀mí ni wọ́n sì fi san owó ẹ̀kọ́ náà.

Ní 1537, Ambroise Paré bá ọmọ ogun Faransé lọ sí agbègbè Turin ní Ítálì. Onígbàjámọ̀ ni, nítorí pé nígbà náà, àwọn tó ń fárí ló tún ń lo abẹ fún ọgbẹ́. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé májèlé wà nínú ẹ̀tù ìbọn, wọn a sì da òróró híhó sínú ojú ọgbẹ́. Òróró tán mọ́ Paré lọ́wọ́. Ó wá po pupa ẹyin, òróró òdòdó rose àti turpentine pọ̀ fún àwọn tó kù. Kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà, ó rò pé wọn yóò ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tó débẹ̀ ní ìdájí, àwọn tó fi àpòpọ̀ náà tọ́jú ló sùn dáadáa; àwọn tó da òróró híhó sí lára ni ibà mú, tí ọgbẹ́ wọn wú.

Dominique Jean Larrey, dókítà abẹ tó bá ọmọ ogun Napoleon ṣiṣẹ́, ṣe kẹ̀kẹ́ ẹṣin fífúyẹ́ tó ń gbé àwọn tó fara pa kúrò bí ìjà ṣe ń lọ lọ́wọ́. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ le jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú, ì báà jẹ́ ọ̀gágun tàbí ọmọ ogun lásán. Lójú tèmi, òfin yìí wúlò ju irinṣẹ́ èyíkéyìí lọ.

Ní 1941, Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ya odidi ilé ìwòsàn kan sọ́tọ̀ fún ìfarapa. Síbẹ̀, jàǹbá bàálù ló tún ẹ̀kọ́ náà tò. Ní oṣù kejì 1976, bàálù kékeré tí James Styner, dókítà egungun, ń wà já sínú oko ní Nebraska, Amẹ́ríkà. Ìyàwó rẹ̀ kú. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin fara pa. Ó rí i pé ìtọ́jú tí òun fún wọn nínú oko sàn ju èyí tí wọ́n rí gbà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọn dé. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀ ní 1978, American College of Surgeons, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ Amẹ́ríkà, sì gbà á ní 1980. Òun ni ATLS (Advanced Trauma Life Support). Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ tò ó, ọ̀nà èémí ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà mímí, lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, kí wọ́n tó yẹ ọpọlọ wò, kí wọ́n sì tú aṣọ láti wá ọgbẹ́ tó fara pamọ́. Ẹsẹ̀ tó kán ló ń gba ojú, ṣùgbọ́n ọ̀fun tó dí ló ń tètè pani.

Láti 1993 ni wọ́n ti fún ìlànà kan lórúkọ, pé bí ọgbẹ́ bá le gan-an, kí dókítà má parí iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀kan: kí ó dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kí ó gbé aláìsàn lọ síbi tí ara rẹ̀ yóò ti móoru, kí ó sì padà wá parí rẹ̀ nígbà tó bá yá. Ara tó tutù kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Kí ènìyàn tó di irú dókítà yìí ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn oyè fásitì àkọ́kọ́, ọdún mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó kéré tán ọdún márùn-ún ni ti iṣẹ́ abẹ, ọdún kan tàbí méjì sì ni ti ìtọ́jú ìfarapa gan-an. Ní Nàìjíríà, dókítà abẹ gbogbogbòò àti ti egungun ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ilé ìwòsàn egungun ní Igbobi pàápàá, nítorí àwọn sójà tó fara pa nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ ní 1945.

Láti 2017, òfin Nàìjíríà ti fi dandan lé e pé kí ilé ìwòsàn gba ẹni tí ìbọn bà, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí, yálà ó ti san owó tàbí kò tíì san. Bí wọ́n bá fẹ́ dá yín padà lẹ́nu géètì, ẹ rán wọn létí òfin náà.