Ohun Tó Gbé Wọn Wọ Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà

Ní oṣù Kejì ọdún 1966, Isaac Adaka Boro, ọmọ ẹ̀yà Ijaw, kó àwọn ọ̀dọ́ jọ nínú àbàtà Niger Delta, ó sì kéde orílẹ̀-èdè tuntun. Ọjọ́ 12 péré ni orílẹ̀-èdè náà lò láyé. Wọ́n mú un, wọ́n sì dá ẹjọ́ ikú fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1967, aṣọ ológun Nàìjíríà ni ọkùnrin yìí kan náà wọ̀. Ojú ogun ló kú sí ní 1968, níbi tó ti ń jà kí orílẹ̀-èdè tó ti fẹ́ yà kúrò nínú rẹ̀ má baà fọ́.

Ẹni tó bá wò ó lókèèrè lè pè é ní aláìnípinnu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, Rivers sì wà lára wọn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ojukwu kéde Biafra, ó sì ka ilẹ̀ Ijaw, Ibibio, Efik àti Ogoni mọ́ ọn. Díẹ̀ nínú ohun tí Boro tìtorí rẹ̀ gbé ìbọn ti wá láti Èkó. Ken Saro-Wiwa, ọmọ Ogoni, tó di alákòóso Bonny fún ìjọba àpapọ̀, ronú bákan náà.

Ní ti àwọn Ìgbò, ìpakúpa tó wáyé ní Òkè Ọya ní 1966 ti tó ìdí. Ẹni tí wọ́n pa ará ilé rẹ̀ ní Kano, tí òun fúnra rẹ̀ sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ wálé, kò nílò ìwàásù òṣèlú kankan. Christopher Okigbo, akéwì tí òkìkí rẹ̀ ti kàn, fi gègé sílẹ̀ gbé ìbọn, ó sì kú nítòsí Nsukka kí ọdún 1967 tó parí.

Ọ̀rọ̀ Victor Banjo ló díjú jù. Ọmọ Yorùbá ni; ìjọba Ironsi ló fi í sí àhámọ́, Ojukwu ló sì tú u sílẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1967, òun ló ṣáájú ọmọ ogun Biafra sọdá odò Ọya. Wọ́n gba Benin, wọ́n sì dé Òrè. Síbẹ̀, Nàìjíríà tuntun ni Banjo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí rédíò. Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, wọ́n ti yìnbọn pa á ní Enugu, lábẹ́ àṣẹ Ojukwu.

Àwọn àgbà ní bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ohun kan náà ni gbogbo aláǹgbá ń wá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wo epo rọ̀bì tí Shell-BP ń wà, ó sì ń ta ohun ìjà fún ìjọba àpapọ̀. Rọ́ṣíà ráyè wọlé nígbà tí Amẹ́ríkà kọ̀ láti tà: ọkọ̀ òfurufú MiG dé ní 1967, àwọn ará Íjíbítì sì wà lára àwọn tó ń wà á. Bẹ́ẹ̀ ni London àti Moscow, tí wọn kì í jẹun nínú àwo kan náà, ṣe pàdé lẹ́yìn Gowon.

Ní òdìkejì, de Gaulle kò fẹ́ kí orílẹ̀-èdè ńlá tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ga lórí àwọn kéékèèké tó ń sọ Faransé. Ohun ìjà gba Gabon àti Côte d'Ivoire dé Biafra. Pọ́túgà, tí kò fẹ́ fún Àǹgólà ní òmìnira, yọ̀ǹda São Tomé fún àwọn bàálù tó ń lọ sí Uli. Ẹ̀gbẹ́ Pọ́túgà yìí náà ni Julius Nyerere, tó ń ran àwọn ajàfómìnira lọ́wọ́, bá ara rẹ̀. Tàǹsáníà ló kọ́kọ́ gba Biafra ní orílẹ̀-èdè, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1968. Èrò Nyerere ni pé ìjọba tí kò lè dáàbò bo ẹ̀mí ará ìlú kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fipá dá wọn dúró. Nínú gbogbo ìdí tí àwọn orílẹ̀-èdè ní, èyí ló jìnnà sí èrè jù lọ.

Àwọn kan tún wà tí kò sí orílẹ̀-èdè tó rán wọn. Rolf Steiner, ará Jámánì tó ti jagun fún Faransé, jà fún Biafra. Lẹ́yìn náà, ó tún bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ gúúsù Sudan lọ. Ogun ti di iṣẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Carl Gustaf von Rosen, ọmọ ilẹ̀ Sweden, yàtọ̀. Oúnjẹ ló kọ́kọ́ fi bàálù gbé wá ní 1968. Ebi tó rí ló mú kó padà ní oṣù Karùn-ún ọdún 1969 pẹ̀lú bàálù kéékèèké márùn-ún tí wọ́n de ohun ìjà mọ́, tí wọ́n sì fi kọlu pápákọ̀ òfurufú Port Harcourt, Benin àti Enugu. Ní 1977, ogun ilẹ̀ mìíràn tún pè é: ní Etiópíà, níbi tó ti lọ ṣètò ìrànwọ́, ni àwọn jagunjagun ti pa á.