Sinimá Ìjọba, Ará Abúlé àti Ọ̀rọ̀ Àyípadà Ojú Ọjọ́

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ohun tí òwe yìí sọ náà ni ó wà lọ́kàn àwọn tí ó ń fi fíìmù àti àwòrán la àwọn ará ìlú lọ́yẹ̀ lórí àyípadà ojú ọjọ́. Wọ́n gbà pé bí ènìyàn bá ti fi ojú rí yìnyín tí ó ń yọ́, tàbí òkun tí ó ń gbé ilé lọ, yóò gba ohun tí àlàyé ẹnu lásán kò lè mú un gbà. Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì ti dán an wò ní Áfíríkà lórí ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó àti iṣẹ́ àgbẹ̀, kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni ń fi fíìmù sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Iṣẹ́ yìí yóò gbé ìtàn ìdánwò náà yẹ̀ wò, yóò sì fi í wé àpẹẹrẹ méjì láti ilẹ̀ Kánádà. Kókó rẹ̀ ni pé kì í ṣe bí àwòrán ti hàn kedere tó ni ó ń mú kí ọ̀rọ̀ wọ òǹwòran lára. Ẹni tí ó ń darí kámẹ́rà, àti àyè tí òǹwòran ní láti fèsì, ni ó ṣe pàtàkì jù.

2. Sinimá Ìjọba Amúnisìn

Láàrin ọdún 1924 sí 1931, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ jà ní Èkó. William Sellers, òṣìṣẹ́ ìlera, wà lára àwọn tí ó gbógun tì í, ó sì lo sinimá láti kọ́ àwọn ará ìlú ní ọ̀nà pípa eku àti ìmọ́tótó ilé. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní 1939, Sellers ni ó darí iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀ka náà wà títí di 1955. Ọkọ̀ sinimá a máa gbé ẹ̀rọ, aṣọ funfun àti gbohùngbohùn láti abúlé dé abúlé. Ògbufọ̀ a sì máa fi èdè ibẹ̀ sọ ohun tí àwòrán ń fi hàn.

Sellers gbà pé ojú ará abúlé kò tíì mọ àwòrán kà. Nítorí náà, ó là á sílẹ̀ pé kí fíìmù máa falẹ̀, kí kámẹ́rà má ṣe máa yí kiri, kí ìran má sì ṣe máa fò láti ibì kan sí ibòmíràn lójijì. Bí wọn yóò ti ya àwòrán fún ará abúlé ni gbogbo òfin wọ̀nyí dá lé. Wọn kò kan ohun tí ará abúlé fúnra rẹ̀ fẹ́ sọ.

3. Ìtàn Adìẹ

Ìtàn kan wà tí a sábà máa ń tọ́ka sí láti gbe irú èrò yìí lẹ́sẹ̀. John Wilson, ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ni ó sọ ọ́ nínú àròkọ kan ní 1961. Marshall McLuhan sì tún un sọ nínú The Gutenberg Galaxy ní 1962. Wọ́n fi fíìmù bí ìṣẹ́jú márùn-ún han nǹkan bí ọgbọ̀n ènìyàn ní abúlé kan ní Áfíríkà. Wolé-wolé ni ó ṣe é, láti kọ́ni bí a ti í da omi tí ó dá rogún ní àyíká ilé nù; òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó kan ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi àwọn òǹwòran ní ohun tí wọ́n rí, wọ́n ní àwọn rí adìẹ. Àwọn tí ó ni fíìmù kò mọ̀ pé adìẹ wà níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tú u wò finnífinní ni wọ́n tó rí i pé adìẹ kan fò kọjá ní igun àwòrán fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré.

Èrò tí Wilson fà yọ ni pé ẹni tí kò mọ̀wé kì í rí àwòrán ní odidi. Èrò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó. Nígbà tí wọ́n tún bi àwọn ènìyàn náà léèrè, wọ́n ní àwọn rí ọkùnrin náà pẹ̀lú. Àwọn òǹwòran rí adìẹ, wọ́n sì rí òṣìṣẹ́ náà. Àwọn tí ó ya fíìmù ni kò rí adìẹ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá gbọ́njú mọ wolé-wolé mọ̀ pé ìbẹ̀rù ni ó máa ń mú wọ ilé: a máa yẹ inú àmù wò, ó sì lè pe onílé lẹ́jọ́. Kò yani lẹ́nu bí ojú bá fi ẹ̀kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ bá ohun ọ̀sìn inú àgbàlá. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ni wolé-wolé; ọ̀rọ̀ onílé ni adìẹ.

4. Nígbà tí Ará Ìlú Di Olùsọ̀rọ̀

Ní 1967, ìjọba ń ṣí àwọn ará etíkun Newfoundland nípò, ọ̀rọ̀ náà sì kan erékùṣù Fogo. Colin Low, ti National Film Board, pẹ̀lú Donald Snowden ti Memorial University, ṣètò fíìmù kéékèèké tí ó lé ní ogún, níbi tí àwọn apẹja ti fi ẹnu ara wọn sọ ìṣòro wọn. Àwọn tí ó wà nínú fíìmù ni ó kọ́kọ́ wò ó, wọ́n sì lè ní kí a yọ ohun tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn aláṣẹ wò ó, tí àwọn náà sì fèsì. Fíìmù nìkan kọ́ ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn ará Fogo dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn apẹja sílẹ̀, wọn kò sì kó kúrò.

Ìlànà yìí kan ojú ọjọ́ tààrà ní 2010, nígbà tí Zacharias Kunuk, ọmọ Inuit láti Igloolik, àti Ian Mauro gbé Qapirangajuq: Inuit Knowledge and Climate Change jáde ní èdè Inuktitut. Àwọn àgbà ọdẹ sọ bí yìnyín àti ìgbà ti yí padà lójú wọn. Wọ́n tún sọ pé oòrùn kò wọ̀ níbi tí ó ti ń wọ̀ mọ́, pé ayé ti yẹ̀. Àlàyé tí ó jẹyọ láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni pé ayé kò yẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó ti móoru ni ó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ohun tí àwọn àgbà rí kì í ṣe irọ́. Ìdí rẹ̀ ni ó kù kí a wá. Bí wọ́n bá jẹ́ òǹwòran lásán ni, ẹnikẹ́ni kò bá tí béèrè.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Ní Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947 ní etíkun Ìlàjẹ, òkun ti gba ilé àti ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Wọn kò nílò àwòrán yìnyín ilẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó mọ̀ pé omi ń bọ̀. Ohun tí wọ́n lè fẹ́ mọ̀ ni èyí tí ó jẹ́ ti àyípadà ojú ọjọ́ àti èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, ibi tí wọn yóò forí lé, àti ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ wọn. Fíìmù tí kò bá gba ìbéèrè wọ̀nyí lẹ́nu wọn, kí ó sì gbé wọn dé ọ̀dọ̀ aláṣẹ, kò yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ sinimá àtijọ́, bí ó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dára tó.