ERÉKÙṢÙ ST. HELENA ÀTI ÀWỌN TÍ Ó KỌ ÌTÀN IGI RẸ̀

Bí a bá dárúkọ St. Helena, Napoleon li ó kọ́kọ́ ńwá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìà. Ní ọdún 1815 ni nwọ́n kó o lọ síbẹ̀ bí ìgbèkùn, ibẹ̀ li ó sì kú sí ní 1821. Ìwé tí Las Cases, ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá a lọ, tẹ̀ jáde ní 1823 mú kí òkìkí erékùṣù náà kàn ká gbogbo ilẹ̀ Europe. Àwa kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ọba náà. Àwọn ẹlòmíràn wà tí nwọ́n dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́hìn ikú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú wá. Nwọ́n wá láti wo ohun tí Ọlọ́run dá síbẹ̀, nwọ́n yàwòrán rẹ̀, nwọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ti àwọn wọ̀nyí ni a fẹ́ sọ.

Erékùṣù kékeré ni. Gígùn rẹ̀ jẹ́ bí máìlì 10, ìbú rẹ̀ bí máìlì 5, ó sì dá wà láàárín òkun Atlantic, bí máìlì 1,200 sí etí ilẹ̀ Áfríkà. Nígbàtí àwọn ará Pọ́túgà rí i ní 1502, kò sí ènìà kan níbẹ̀. Igbó li ó bò ó, ọ̀pọ̀ nínú igi inú rẹ̀ kò sì sí níbòmíràn ní gbogbo aiyé: irú igi ébónì kan, igi pupa kan, àti èyí tí nwọ́n ńpè ní ólífì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ólífì tí a ńkà nínú Bíbélì. Àwọn atukọ̀ dá ewúrẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kí ọkọ̀ tí ńbọ̀ lẹ́hìn lè rí ẹran jẹ. Nígbàtí Cavendish ará Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1588, ewúrẹ́ ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Gbogbo wa li ó mọ ìwà ewúrẹ́. Kò lè jẹ igi ńlá, ṣùgbọ́n èhù tí ó bá yọ, kò ní fi ọ̀kan sílẹ̀. Nígbàtí igi àgbà bá sì wó, kò sí ọmọ tí yíò rọ́pò rẹ̀.

Ènìà pẹ̀lú kò dẹwọ́. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tí ńṣòwò ní India gba erékùṣù náà ní 1659. Àwọn aláwọ ńbó èèpo igi láti fi ṣe awọ, àwọn mìíràn sì ńfi igi ébónì dáná sun òkúta ẹfun. Ní 1709 gómìnà kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní London pé igi ńtán lọ, ọ̀dá sì ńdá ilẹ̀, nítorínáà ó yẹ kí a pa àwọn ewúrẹ́ náà. Ìdáhùn tí nwọ́n fún un ni pé kí a máṣe pa wọ́n, nítorí ewúrẹ́ níyelórí ju ébónì lọ. A kò fẹ́ dá wọn lẹ́bi ju bí ó ti yẹ lọ. Atukọ̀ tí ó ti lo oṣù mẹ́ta lórí òkun, ẹran ni yíò bèèrè, kì í ṣe ébónì. Ṣùgbọ́n ìwé ni nwọ́n fi kìlọ̀ fún wọn, nwọ́n sì kà á.

Edmond Halley ti wá síbẹ̀ ní 1677, nígbàtí ó jẹ́ ọmọ 20 ọdún, láti ka àwọn ìràwọ̀ ìhà gúsù. Ìkùukùu yọ ọ́ lẹ́nu púpọ̀, síbẹ̀ ó ṣe ìwé ìràwọ̀ 341. Ìràwọ̀ kò ní ewúrẹ́ tí yíò jẹ wọ́n, nítorínáà iṣẹ́ tirẹ̀ lè dúró de ẹnikẹ́ni.

Ti William John Burchell yàtọ̀. Ní 1805 li ó dé, ó jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé, lẹ́hìn náà ẹgbẹ́ oníṣòwò náà fi í ṣe olùtọ́jú iṣẹ́ ewéko wọn. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá ní yíyàwòrán. Ó rìn gbogbo òkè àti àfonífojì ibẹ̀, ó ńyàwòrán wọn, ó ńká ewé àti òdòdó, ó sì ńsá wọn gbẹ. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wọ ọkọ̀ láti Ìlú Ọba wá bá a, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ ó ti yí ọkàn padà. Ọ̀gá ọkọ̀ náà li ó yàn. Burchell kò gbé ìyàwó títí ó fi kú ní 1863. Ní 1810 ó kúrò níbẹ̀ lọ sí gúsù Áfríkà, níbití òkìkí rẹ̀ ti kàn jù. Àwọn ewéko gbígbẹ rẹ̀ wà ní ọgbà Kew, nínú wọn li a sì ti mọ̀ nípa igi tí àwọn tí ó dé lẹ́hìn rẹ̀ kò rí mọ́.

Charles Darwin lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù July 1836. Ó rí ìkarahun ìgbín tí ó ti kú ní orí òkè, ó sì rò pé ìparun igbó li ó pa wọ́n. Ó kọ ọ́ pé ní 1731 ni àṣẹ tó jáde pé kí a pa gbogbo ẹran tí ńrìn káàkiri, nígbàtí kò sí àtúnṣe mọ́. Bàbá àgbà kan li ó ńfi ọ̀nà hàn án, ẹni tí ó ti da ewúrẹ́ nígbà èwe rẹ̀, tí ó sì ti jẹ́ ẹrú rí. Orúkọ bàbá náà kò sí nínú ìwé Darwin. Èyí dùn wá.

Ọ̀rọ̀ ẹrú kò sì tán síbẹ̀. Láti 1840 lọ, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ńkó àwọn tí nwọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú wá sí St. Helena, gẹ́gẹ́bí nwọ́n ti gba Àjàyí Crowther wa ní 1822 tí nwọ́n sì mú un lọ sí Sàró. Àwọn tí nwọ́n kó wá síbẹ̀ ju 20,000 lọ. Ìhà Kóńgò àti Àǹgólà li a ti kó púpọ̀ nínú wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn sì kú. John Charles Melliss, ẹni tí ó kọ ìwé ńlá nípa ẹranko, ewéko àti ilẹ̀ erékùṣù náà ní 1875, tí ìyàwó rẹ̀ sì yàwòrán sínú rẹ̀, wọ inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì kọ ohun ìbànújẹ́ tí ó rí. Òun náà li ó sọ pé pákó ọkọ̀ ẹrú kan li ó gbé ikán wá sí Jamestown. Ikán wó ilé, ó sì wọ ilé ìkàwé. Ìwé ẹ̀sìn li ó sì jẹ jù. Èèpo ìwé a dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti ṣófo.

Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ka igi ébónì náà sí èyí tí ó ti parun. Kìkì igi gbígbẹ rẹ̀ li àwọn ará ibẹ̀ ńṣà lórí òkè aṣálẹ̀, nwọ́n sì ńfi í ṣe iṣẹ́ ọnà. Ní 1980 ni George Benjamin, ọmọ erékùṣù náà tí ó mọ igi ibẹ̀ dáradára, àti Quentin Cronk, ọ̀mọ̀wé ewéko láti Ìlú Ọba, rí méjì tí ó wà láàyè ní ojú òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbití ewúrẹ́ kò lè dé. Nwọ́n gé ẹ̀ka lára wọn, nwọ́n sì gbìn ín. Lónìí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ọmọ wọn. Benjamin kan náà ti rí igi ólífì kan ṣoṣo ní 1977. Èyí tí ó wà nínú igbó kú ní 1994. Ọmọ rẹ̀ tí nwọ́n tọ́jú nínú ọgbà kú ní 2003, kò sì sí òmíràn mọ́.