Ìran Ẹ̀tàn Nínú Àṣàrò Àwọn Ẹlẹ́sìn Tao

Ó rọrùn láti ka ìran tí aláṣàrò bá rí sí ìfihàn láti ọ̀run, tàbí kí a kà á sí wèrè. Àwọn ìwé pàtàkì kan nínú ẹ̀sìn Tao ti ilẹ̀ Ṣáínà kò tọ ọ̀kankan nínú ọ̀nà méjèèjì yìí. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé, lójú àwọn tí ó kọ wọ́n, ewu kò sí nínú rírí ìran bí kò ṣe nínú gbígbà á gbọ́.

Sima Chengzhen (647–735), ẹni tí ó gbé ayé ní àkókò ìjọba Tang, pín ọ̀nà àṣàrò sí ìpele 7 nínú ìwé rẹ̀, Zuowanglun. Ó kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ń fi agbára pa gbogbo ìrònú rẹ́, láìya èyí tí ó tọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò tọ́, yóò bọ́ sínú ìdákẹ́jẹ́ afọ́jú. Ọkàn rẹ̀ yóò rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ní òye mọ́. Ẹ̀tàn ni èyí pẹ̀lú, nítorí ó jọ àṣeyọrí.

Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni a kọ Zhong-Lü chuandao ji, tí a gbé kalẹ̀ bí ìbéèrè àti ìdáhùn láàárín Lü Dongbin àti olùkọ́ rẹ̀, Zhongli Quan. Ìwé náà ka ẹ̀mí aṣinilọ́nà 10. Ọrọ̀, ipò ọlá, ìfẹ́ ẹbí, àjálù, ogun àti ẹwà obìnrin wà lára wọn; èyí kò yani lẹ́nu. Ohun tí ó gba àkíyèsí ni pé àwọn ẹni mímọ́ tí ó fara han aláṣàrò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá gbà wọ́n, yóò rọ̀ mọ́ wọn. Bí ó bá sì ti rọ̀ mọ́ wọn, ọ̀nà rẹ̀ dí.

Wang Chongyang (1113–1170), olùdásílẹ̀ ìjọ Quanzhen, mú ìdánwò náà kúrò lórí ẹní àṣàrò nìkan. Ó kọ́ni pé ìjókòó tòótọ́ kì í ṣe dídijú lásán. Ọkàn gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin bí òkè Tai, ìbáà ṣe lórí ìrìn, lórí ìdúró tàbí lórí ìdùbúlẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kò tíì di ti àtijọ́. Lẹ́yìn 1980, qigong, ìyẹn ìdárayá tí ó da èémí pọ̀ mọ́ àṣàrò, gbilẹ̀ ní Ṣáínà, àwọn oníṣègùn sì ń rí àwọn kan tí orí wọn dàrú nídìí rẹ̀. Ní 1994, ìwé DSM-IV ti àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà dárúkọ irú àìsàn bẹ́ẹ̀.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí òpìtàn ti ṣọ́ra. Ìmọ̀ràn àwọn àgbà Tao wà fún ẹni tí ó ṣì lè yàn láàárín gbígbà àti kíkọ̀. Ẹni tí àìsàn ti gba agbára yíyàn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ìtọ́jú ni ó tọ́ sí i, kì í ṣe ẹ̀bi. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ yóò ṣi ìwé kà, yóò sì dá aláìsàn lẹ́bi.