Kí ló dé tí àwọn olólùfẹ́ jáàsì fi ń kẹ́gàn smooth jazz?

Ní ilé wa ní Àjàṣẹ́, bàbá mi ní kásẹ́ẹ̀tì kan tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn: Breezin', tí George Benson gbé jáde ní 1976. Nígbà tí mo wọ yunifásítì, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ John Coltrane, mo sọ fún wọn pé orin ibi tí a ti ń dúró de dókítà ni. Wọ́n kàn bi mí pé: “Ṣé o gbọ́ ọ dé òpin?” Ìbéèrè yẹn ló mú mi kọ àròkọ yìí, nítorí ohun tí mo sọ ni ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ń sọ nípa smooth jazz, jáàsì tí ń wọlé sétí wẹ́rẹ́.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ni pé owó ni àwọn olórin rẹ̀ ń wá. Ó ti pẹ́. Ní 1967, Wes Montgomery fi gìtá ta orin àwọn Beatles nínú A Day in the Life, tí Creed Taylor ṣe kòkáárí rẹ̀. Àwo náà tà gan-an, inú àwọn alárìíwísí kò sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: láàárín 1930 sí 1940, orin ijó tó ń tà wàràwàrà ni jáàsì fúnra rẹ̀, a kò sì fi ìyẹn bu Duke Ellington kù lónìí.

Ẹ̀sùn kejì ló wúwo. Ohun tí olùgbọ́ jáàsì ń wá ni ọ̀rọ̀ tí olórin rí sọ lójú ẹsẹ̀, bí onílù wa ṣe ń yí ọ̀rọ̀ ìlù padà nígbà tó bá rí ẹni tó ń bọ̀. Èyí ṣọ̀wọ́n nínú smooth jazz tí a ń gbọ́. Ta ló yọ ọ́?

Ní 1987, rédíò KTWV bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles, WNUA sì bẹ̀rẹ̀ ní Chicago. Ilé-iṣẹ́ olùdámọ̀ràn Broadcast Architecture a máa kó olùgbọ́ jọ, wọn a gbé abala orin kéékèèké fún wọn, wọn a sì wo èyí tó wù wọ́n. Orin tí òṣìṣẹ́ lè ṣí sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ láìdí i lọ́wọ́ ni wọ́n ń wá. Inú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà, smooth jazz, ti jáde. Kì í ṣe ẹnu olórin.

Àmọ́ wọ́n ti ń gé orin fún rédíò ṣáájú ìgbà yẹn. Nínú Breezin', “This Masquerade” gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 8, Benson sì ń fi ẹnu bá gìtá rẹ̀ rìn. Èyí tí wọ́n gé fún rédíò kò fi púpọ̀ ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Èyí tí wọ́n gé ni mo mọ̀.

N kò dá olórin láre pátápátá. Ní 1999, Kenny G fi fèrè rẹ̀ lé ohùn Louis Armstrong, tó ti kú láti 1971. Pat Metheny bínú sí i ní gbangba ní 2000, mo sì rí ìdí rẹ̀.

WQCD ti New York pa smooth jazz tì ní 2008, WNUA ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2009. Ilé-iṣẹ́ rédíò ti kúrò nídìí rẹ̀, ẹ̀gàn ṣì wà lórí olórin. Mo ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi dé òpin báyìí. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wù mí, ṣùgbọ́n orin tí mo kẹ́gàn kọ́ ni mo bá níbẹ̀.