Ta Ló Ń Ṣàkóso Àdúgbò Wa? Ìtàn Kánò àti Sabon Gari

Ẹ̀yin ará, bí èèyàn bá bi yín pé ta ni gómìnà, wéré lẹ ó dáhùn. Tó bá wá ní ta ni káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ti dákẹ́. Àwọn àgbà ní àlejò lójú ńlá, kò fi ríran. Ṣùgbọ́n àlejò tó ti lo ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ nílùú, ṣé àlejò náà ló ṣì jẹ́? Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn Kánò yìí, àti ibi tí wọ́n fi wá sí nínú rẹ̀.

Kánò ti di ìlú ńlá tipẹ́. Muhammadu Rumfa, tó jọba láti 1463 sí 1499, mú odi ìlú gbòòrò sí i, ó sì kọ́ ààfin tí wọ́n ṣì ń pè ní Gidan Rumfa dòní. Ní nǹkan bí 1807, àwọn ọmọlẹ́yìn Usman dan Fodio gba ìlú náà, àwọn Fúlàní sì ń jọba níbẹ̀ láti ìgbà yẹn. Ẹ má rò pé kò sí Yorùbá níbẹ̀ o. Àwọn oníṣòwò wa fìdí kalẹ̀ sí àdúgbò Ayagi nínú odi, wọ́n sì wà lábẹ́ àṣẹ kan náà pẹ̀lú gbogbo ará ìlú.

Oṣù kejì ọdún 1903 làwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Kánò. Wọ́n rọ Ẹ́míà Aliyu lóyè, wọ́n fi Abbas jẹ, wọ́n ní kí Ẹ́míà máa bá ìṣàkóso lọ lábẹ́ ojú àwọn. Nígbà tí rélùwéè dé ní 1911, àwọn akọ̀wé, oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò láti gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Òyìnbó ò fẹ́ kí wọ́n gbé inú odi, ló bá ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn níta. Sabon Gari nìyẹn, tó túmọ̀ sí ìlú tuntun. Bí wọ́n ṣe ṣe fún wa níbí náà ni wọ́n ṣe fún àwọn Haúsá n'Íbàdàn, ní Sábó, lọ́dún 1916.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí nìyí. Inú odi wà lọ́wọ́ Ẹ́míà, Sabon Gari sì wà lọ́wọ́ aṣojú òyìnbó. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e sábẹ́ ìjọba Ẹ́míà, èyí táwọn àgbà ń pè ní N.A. Àwọn tó ń gbébẹ̀ ń san owó orí, wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń bímọ, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló ń pinnu fún wọn. Gbígbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yìí ò ṣeni lóore. Ní oṣù karùn-ún 1953, nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group fẹ́ wá ṣèpàdé ní Kánò, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ìjọba sì ka òkú mẹ́rìndínlógójì.

Ọdún 1976 ni ìjọba ológun tún ètò ṣe káàkiri Nàìjíríà, tí ìjọba ìbílẹ̀ di ìpele kẹta ìjọba. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ní àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ló gbọ́dọ̀ máa ṣe é. Ìjọba ìbílẹ̀ 44 ló wà ní ìpínlẹ̀ Kánò, Fagge ni Sabon Gari sì wà. Kí niṣẹ́ wọn? Ọjà, ibùdókọ̀, kíkó ìdọ̀tí, sísọ òpópónà lórúkọ, itẹ́ òkú, àti kíkọ orúkọ ọmọ tuntun, òkú àti ìgbéyàwó sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé látọjọ́ ìbí dọjọ́ ikú ni? Ní July 11, 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tún dájọ́ pé kí owó wọn máa dé ọwọ́ wọn tààrà.

Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń sọ fáwọn ọmọ wa pé kí wọ́n lọ gbàwé ọmọ ìbílẹ̀ nílùú bàbá wọn, tí wọ́n bá sì débẹ̀, wọn ò mọ̀ wọ́n. Ó ń dunni. Ṣùgbọ́n ìbò ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbé ibì kan lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kó sì dìbò níbẹ̀. Kò dìgbà tí wọ́n bá bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀.

Tí gọ́tà bá dí, a máa ń dáwó jọ kó o. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta la bi pé níbo lowó ọjà tá à ń san ń lọ? Àwọn bàbá wa ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ nígbà tiwọn, torí òfin ò fún wọn. Òfin ti fún wa báyìí. Ẹ lọ wádìí wọ́ọ̀dù yín. Ẹ mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ yín. Kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ọmọ yín sílẹ̀ níbi tẹ́ ẹ bí i sí.